Ihò Ẹnu Ọ̀nà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ọmọ Onítáìsì

"Ihò wo nìyí? Mo ní ihò wo lo fi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi yìí? Ṣé ojú mi ni kò ríran ni, àbí ọwọ́ rẹ ni kò mọ iṣẹ́?"

Onílé kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn lónìí, ẹ má bínú pé ariwo la fi ṣílẹ̀kùn fún yín. A mọ̀ pé ọjọ́ ìbí olóògbé àti ìdílé wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, a ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Màmá dénú mọ̀ pé ọjọ́ ariwo yìí gan-an ni ayé wọn bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1937 ni. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa fi "ó" pè wọ́n ná; ọ̀wọ̀ ń bọ̀ níwájú. Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, nínú yàrá àlejò ilé alájà méjì kan. Bàbá rẹ̀, onítáìsì tó ń fi àwo pẹlẹbẹ tẹ́ ilẹ̀ yàrá, wà lórí ìkúnlẹ̀, simẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn léèékánná. Onílé fúnra rẹ̀ ló lọ ra táìsì ọ̀hún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló gé e wọ́: ó tẹ̀ bí orúnkún, ó sì tún ní ẹsẹ̀ kékeré kan tó yọ síta. Onílé ní ẹwà ni. Ó tún kìlọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gé ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, nítorí gígé ní í ba ẹwà jẹ́.

Yàrá náà gún dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Onítáìsì tò ó láti ẹnu ọ̀nà, ihò kan ṣẹ́ kù ní kọ̀rọ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tò ó láti kọ̀rọ̀, ihò sá wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó tò ó láti àárín, ihò di méjì. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi ti ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó nu òógùn, onílé sì wọlé dé.

Bí ariwo náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, ọmọ onílé, ọmọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, yọ orí wọlé, ó na ìka sí ihò náà, ó ní: "Bàbá, ó kù díẹ̀."

Àwọn tó ń wòran lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń pe onítáìsì ní Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn ju bí simẹ́ńtì ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lọ.

Ọmọ orí korobá dìde. "Kì í ṣe ẹjọ́ bàbá mi! Táìsì yín ni kò lè kún yàrá! Kò sí ẹni tó lè fi í kún un!"

Onílé yíjú sí i. "Ìwọ wo? Ṣé o ti tò ó ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò ni?"

"Rárá, sà."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi í kún un?"

Ọmọ náà padà jókòó sórí korobá rẹ̀. A ti bú onílé yìí tó nínú ẹbí wa, a ò sì tíì ṣe tán, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ló bi ọmọ yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ gbà wọ́n ju ọgọ́rin ọdún lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n bí Màmá wa ní ọdún 1930, àwọn ni àkọ́bí. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá. Bàbá bàbá wọn jẹ́ bíríkìlà, bàbá wọn jẹ́ onítáìsì tí ẹ ti pàdé yẹn, ìyá wọn sì jẹ́ alágbàfọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń bó èèyàn ju ọṣẹ lọ. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń sá aṣọ oníbàárà sí. Àfọ́kù táìsì ni ohun ìṣeré Màmá. Àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi tiwọn ṣe ilé kékeré. Màmá ń to tiwọn, wọ́n ń tú u, wọ́n ń fapá jánú.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ dójú tì. Ọjọ́ ìparí ọdún ni, àwọn òbí ti bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri gbọ̀ngàn. Màmá wá bá olùkọ́ àgbà, ó ní: "Sà, àwọn tó bọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún, iye yòówù tí kò bá ṣáà ti ṣeé pín sí méjì, bí ẹ bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n máa pé méjì-méjì. Ẹnì kan ò ní ṣẹ́ kù."

Olùkọ́ àgbà ní irọ́ ni. Ó bi èèyàn kọ̀ọ̀kan léèrè, ó ní kí wọ́n dìde, ó tò wọ́n ní méjì-méjì. Ẹnì kan ṣẹ́ kù. Ó fi ẹ̀rín ẹ̀gàn wo ọmọ náà.

"Ẹnì kan ń parọ́ níbí, sà," lọmọ ọ̀hún wí.

"Ta ni?"

"Ẹ ò ka ara yín mọ́ wọn."

Òótọ́ ni. Olùkọ́ àgbà ti bọ ọwọ́, kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ọmọ náà wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lónjẹ: ìbọwọ́ kan, èèyàn méjì ló ń kà á, bí ẹ bá ṣírò ti gbogbo èèyàn pọ̀, kò sí bí ọ̀kan ṣe lè ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó tún bi yín.

Wọ́n tayọ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, wọ́n sì wọ yunifásítì. Ọ̀wọ̀ tí a ṣèlérí ti dé báyìí.

Ní ọdún 1955, Màmá fẹ́ bàbá wa, onígbàjámọ̀. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyí. Màmá mú àbúrò wọn ọkùnrin lọ gẹ irun, ìlà sì gùn. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ọṣẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya táìsì sójú dígí ńlá tó wà níwájú oníbàárà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ gbójú sókè, dígí ti funfun tán.

"Àǹtí," ó ní, "oníbàárà mi ò rí ojú ara rẹ̀ mọ́ o."

"Kí ló fẹ́ fi ojú yẹn rí?"

Oníbàárà bínú, ó fẹ́ dìde. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sórí àga. "Ẹ má nu ún, Àǹtí. Màá gẹ ẹ́ láì wo dígí." Ó gẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. A gbọ́ pé orí ọkùnrin náà wọ́ díẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò wọ́ rárá títí bàbá wa fi sùn ní ọdún 1998.

Ní ọdún 1958 ni Màmá di olùkọ́ ní ẹ̀ka ìṣirò yunifásítì. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ni ọkùnrin gíga kan tó ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ó wò wọ́n títí. "Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀?"

"Èmi ni. Ìwọ sì ni ọmọ tó ni ihò."

Ọmọ onílé ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní Ọmọ Onítáìsì àti Ọmọ Onílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà á lẹ́nu wọn. Ó wà lórí àga iwájú lónìí, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kó má bínú, "ó" la máa ń pè é nínú ilé wa, a ò sì ní torí pé òkú wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àsọdùn.

Nínú yàrá ìsinmi àwọn olùkọ́ ìṣirò, pátákó dúdú kan gba ògiri kan tán, kẹ́tùlù kan sì wà lórí tábìlì lẹ́bàá rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ní òun ti rí ẹ̀rí kan, kó kọ ọ́ sórí pátákó. Ẹni tó bá rí ibi tó ti jò, kó mú dọ́sítà, kó pa ìlà náà rẹ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ ni yóò po tíì fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé dọ́sítà, tí kò wá rí ìlà tó máa pa rẹ́, òun ni yóò po tíì. Kò sí ẹni tó ń gbé dọ́sítà yẹn ṣeré.

Ọmọ Onílé kì í kọ nǹkan sórí pátákó àyàfi tó bá ti dá a lójú bí ọjọ́. Kò sì gbé dọ́sítà rí láì pa nǹkan rẹ́. Ó máa ń fọ́nnu pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kẹ́tùlù náà.

Ní ọdún 1962, Màmá kọ ẹ̀rí wọn: pé kò sí yàrá tó gún dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ì báà kéré bí àpótí, ì báà tóbi bí pápá, tí táìsì wọ́wọ́ ọjọ́sí lè kún láì fi ihò sílẹ̀. Kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n gbé e gbà. Ọmọ Onílé dìde, ó gbé dọ́sítà, ó pa ìlà kan rẹ́ ní àárín gbùngbùn, ó ní: "Ó kù díẹ̀."

Ó ṣàlàyé. Òótọ́ ló sọ. Màmá po tíì.

Ní ọdún 1968, wọ́n tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pupa àti funfun kun ilẹ̀ yàrá tí wọ́n yà sórí pátákó, bí ẹni kun aṣọ. Gbogbo ẹ̀ka ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ Onílé kò tiẹ̀ fi gbogbo dọ́sítà. Igun rẹ̀ kan ló fi pa àmì kékeré kan rẹ́. "Ó kù díẹ̀." Ó mu tíì náà, ó lá ètè. "Ọmọ Onítáìsì, tíì rẹ dùn ju ẹ̀rí rẹ lọ."

Màmá délé, wọ́n tún jókòó ti ìwé. Bàbá wa ní kí wọ́n fi táìsì yẹn sílẹ̀, ṣebí iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ wọn tí ayé ń yìn wọ́n lé lórí. Wọ́n ní: "Ayé ń yìn mí. Ta ló ń yin bàbá mi?"

Ní ọdún 1971, bàbá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Ọmọ mi, ihò yẹn. Ṣé ẹjọ́ mi ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé o ti rí i?"

Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ò parọ́ ìṣirò rí, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ ní ibùsùn yẹn. "Mi ò tíì rí i, Bàbá. Mò ń wá a." Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun mọ̀ pé ẹni tó ń wá a ò ní sùn. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi sin ín. A rí i tí àwọn kan fi ẹ̀rín pamọ́ sínú áńkáṣíìfù lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn wà níbí lónìí. Ẹ kú ìjókòó.

Ẹ má rò pé Màmá ń fajú ro káàkiri o. Ní ti iṣẹ́ ìlú, àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ ọmọ tó bá wá ní ìṣirò nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbàárà tó bá jókòó sábẹ́ abẹ náà ò yọ sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn ìbéèrè tirẹ̀, bàbá wa á dá ọwọ́ dúró. Àwọn èèyàn pàtàkì kan ti rìn jáde níbẹ̀ pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú àwọn ọmọ yẹn ni dókítà, mẹkáníìkì àti adájọ́ ti jáde, adájọ́ náà sì jẹ́wọ́ pé Màmá ṣì ń já òun láyà.

Ní ti ẹ̀sìn, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n gba Ọlọ́run gbọ́ láì bèèrè ẹ̀rí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ pásítọ̀. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà: "Pásítọ̀, ibi tí ẹ ti ní 'nítorí náà' yẹn, kò tíì tẹ̀lé o." Pásítọ̀ mẹ́rin ló jẹ lábẹ́ wọn. Ẹ̀kẹrin kì í sọ "nítorí náà" mọ́ rárá.

Inú ilé ìjọsìn yẹn náà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2021. Ẹsẹ̀ Màmá ti kọ iṣẹ́, orí àga onítáyà ni wọ́n wà, lẹ́bàá ògiri. Pásítọ̀ ní kí ìjọ bọ ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ń bọ ọwọ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Màmá bọ ti ọ̀tún, wọ́n na ọwọ́ òsì, ọwọ́ òsì kan ògiri. Wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n wo ìlà àwọn tó jókòó lẹ́bàá ògiri títí dé ẹ̀yìn. Lójijì, wọ́n figbe ta: "Ògiri ni!"

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún yìí, nínú yàrá wọn, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n jẹ tán tí wọ́n sì tún ṣe àríwísí rẹ̀, Màmá wa dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: àgbà jẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí àárín ń wa ọkọ̀ ojú irin, àbíkẹ́yìn jogún ṣọ́ọ̀bù àti dígí ńlá náà. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ-ọmọ tí a ò tíì kà tán nítorí ọ̀kan ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n fi àbúrò kan sáyé, ẹni tí wọ́n mú lọ gẹ irun lọ́jọ́sí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣe ìṣirò. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, aláriyànjiyàn kan ti tó ilé kan.

Màmá, ẹ sinmi. Kí ilẹ̀ ibi tí ẹ lọ tẹ́ yín lára, kí ó má ṣe ní ihò. Ẹ kí Bàbá fún wa, ẹ kí onígbàjámọ̀. Ẹ sùn re o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tíì. Ẹnikẹ́ni ò ní jáde níbí láì gbọ́ ọ.

Ní oṣù kan lẹ́yìn tí ìjọ ṣe àmín yẹn, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ti àga onítáyà wọ yàrá ìsinmi ẹ̀ka ìṣirò. Pátákó náà ṣì wà, kẹ́tùlù tuntun ni. Gbogbo ẹ̀ka ti gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ dúró ti ògiri yíká. Orí àga ni Màmá ti kọ ọ́, nítorí náà ìdajì ìsàlẹ̀ pátákó ni iṣẹ́ náà gbà. Ó kúrú débi pé àwọn kan rò pé wọn ò tíì parí.

Ọmọ Onílé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. "Mo gbọ́ pé o tún ti dé."

"Mo dé. Ṣé o mú ojú rẹ wá?"

"Mo mú mẹ́rin." Ó na ìka sí awò rẹ̀. Ó sì gbé dọ́sítà.

Màmá sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Táìsì tó bá fara ti ògiri gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ inú orúnkún táìsì mìíràn kí ihò má baà wà láàárín wọn. Ìbọwọ́ nìyẹn. Ẹ ti mọ̀ láti ilé ìwé pé àwọn tí ìbọwọ́ wọn kò ṣeé pín sí méjì gbọ́dọ̀ pé méjì-méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀lé ògiri yàrá tó gún dọ́gba yí po, táìsì tí ìbọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì máa ń ṣẹ́ ku ọ̀kan, ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan yẹn na ọwọ́, kò rí ẹni bọ̀ ọ́. Ọ̀kan yẹn ni ihò.

Ọmọ Onílé sún mọ́ pátákó. Ó ka ìlà àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbé dọ́sítà sókè, gbogbo yàrá mí sínú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí awò rẹ̀, ó tún padà sókè. Wọ́n gbé àga fún un, ó ní òun ò fẹ́. Oòrùn kúrò lórí pátákó, ó bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹnì kankan ò jáde.

Nígbà tó yá, ó gbé dọ́sítà sí ibi tó ti mú un. Ó rọra rìn lọ sídìí tábìlì.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń tan nǹkan yìí?" ló bèèrè.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́. Màmá ní: "Jókòó sí àyè rẹ." Ọmọ Onílé tẹ ibi kan, kò tàn, ó tẹ ibòmíràn, ó tàn. Omi hó. Ó wá ṣúgà, ó da mílíìkì sórí tábìlì, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ tábìlì. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ kan gbé ife lórí àwo rẹ̀, ó fi ìkejì di ọ̀pá mú, ife ń dún kerekere, ó gbé e wá síwájú Màmá.

"Ọmọ Onítáìsì," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ògiri, "kì í ṣe ẹjọ́ bàbá rẹ. Táìsì wa ni."

Màmá gba ife. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí àwo rẹ̀, wọ́n sì wo Ọmọ Onílé lójú.

"Ó kù díẹ̀."